Òfin Ló Tilẹ̀kùn Mọ́ Lọ́yà: Bí Iṣẹ́ Agbẹjọ́rò Ṣe Dé Òkè-Ògùn

Bí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ẹjọ́ gbèsè bá fọ́ agbo ilé kan sí méjì ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn, lọ́yà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọ́n á ní kí lọ́yà tó dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé ni ọ̀rọ̀ ti ń parí; àgbà á bá tọ̀tún tòsì wí, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Òwe tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. N kò bá òwe náà jà, nítorí òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀bi rẹ̀ kà lórí ni mo rò pé kò tọ́ sí. Bí a bá to ìṣẹ̀lẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, a ó rí i pé kóòtù ìjọba ti ń dájọ́ ní Òkè-Ògùn fún ogún ọdún kí agbẹjọ́rò tó ní ibì kankan tó lè dúró sí lágbègbè náà. Ní kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ju ogójì ọdún lọ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn díẹ̀ fún un. Kì í ṣe àṣà ló dá a dúró, òfin ìjọba amúnisìn ni. Ìkorò tí a ń dá lọ́yà lẹ́bi fún ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Kóòtù tí kò gba alágbàwí láàyè ló bí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gbèsè, nítorí gbèsè ni ìyá ẹjọ́ òwò. Ìsẹ́yìn ń hun aṣọ òfì, ó sì ń tà á jìnnà. Ṣakí wà lójú ọ̀nà ilẹ̀ Ìbàríbá, ẹrù ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde. Níbi tí ọjà bá ti gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, àwìn kò ní ṣàìsí, ẹni tí kò sì ní rówó san kò ní ṣàìsí pẹ̀lú. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba owó lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Olówó á lọ bẹ ológò lọ́wẹ̀, kó lọ dógò ti onígbèsè. Ológò kì í wá pẹ̀lú ìtìjú. Yóò wọlé, yóò béèrè yàrá onígbèsè, yóò sì jókòó bí ẹni pé òun ló nilé. Yóò máa pariwo, yóò máa bú tọmọdé tàgbà. Adìẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ ti di ọbẹ̀, ẹran ilé kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara gbogbo ilé á kan, wọ́n á máa bẹ onígbèsè pé kó lọ wá owó níbikíbi. Bí onígbèsè bá wà ní ìlú mìíràn, ẹ̀mú ni: olówó á dènà de ará ìlú kan náà, á mú un tàbí kó gba ẹrù rẹ̀, títí àwọn èèyàn rẹ̀ yóò fi fínná mọ́ onígbèsè gan-an. Ẹni tí kò bá rí owó san rárá lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kó máa fi iṣẹ́ oko san èlé títí ojú owó yóò fi pé.

Ẹni tó bá ka èyí dáadáa kò ní sọ pé ìrẹ́pọ̀ nìkan ni ìdájọ́ àtijọ́. Fífi ìwé pe onígbèsè, gbígbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, ṣíṣètò ohun ìdúró fún gbèsè: irú àwọn iṣẹ́ yìí tí lọ́yà ẹjọ́ òwò ń ṣe lónìí ti ní ẹni tó ń ṣe wọ́n nígbà náà, ọwọ́ wọn sì le ju ti òde òní lọ. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì sí àlàyé mi. Níwájú baálé, níwájú ìjòyè, títí dé ààfin, ẹnì kan kì í dá nìkan jẹ́jọ́. Olórí ẹbí rẹ̀ á bá a lọ, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ nínú agbo ilé á gba ẹnu rẹ̀ sọ, wọ́n á sì gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Alágbàwí kì í ṣe nǹkan tí òyìnbó gbé wá. Èyí tí wọ́n gbé wá ni alágbàwí tó kàwé òfin, tó ń gbowó, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé kóòtù.

Èkó ni irú alágbàwí bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òfin ilé-ẹjọ́ gíga ti 1876 ló ṣílẹ̀kùn fún un. Agbẹjọ́rò kò tó nǹkan nígbà náà, nítorí náà òfin yẹn jẹ́ kí adájọ́ àgbà fún àwọn akọ̀wé tó mọ ìlànà kóòtù díẹ̀ ní ìyọ̀ǹda láti máa gba ẹjọ́ rò bí wọn kò tilẹ̀ lọ sí London. Àìtó èèyàn yìí kan náà ló jẹ́ kí iṣẹ́ méjì tí òyìnbó pín níyà lọ́dọ̀ tirẹ̀, ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ àti ti ẹni tó ń ṣètò ìwé, di iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ló sì rí di òní. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Sàró, ni ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò ní London, ní 1879. Ní 1888 ni ó forúkọ sílẹ̀ ní kóòtù Èkó. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún un jù ni pé ó mọ òfin òyìnbó, ó sì mọ àṣà ilẹ̀ wa lórí ilẹ̀ àti ogún bí ẹní mowó. Ìgbà tí ó fi kú ní 1915, lọ́yà ti di ẹni ńlá ní etí òkun. Ní Òkè-Ògùn, kò tíì rí ibi fẹsẹ̀ lé.

Ọ̀nà jíjìn kọ́ ló fà á. Ní 1914, nígbà tí Frederick Lugard da Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó tún ètò kóòtù tò látòkèdélẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga tí lọ́yà ti ń sọ̀rọ̀ fà sẹ́yìn sí Èkó àti àwọn ìlú díẹ̀. Àwọn yòókù bọ́ sábẹ́ kóòtù ẹkùn, níbi tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fúnra rẹ̀ ti jẹ́ adájọ́, àti kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí ọba àti ìjòyè jókòó sí. Nínú oríṣi kóòtù méjèèjì yìí, agbẹjọ́rò kò láyè. Lugard kò fi ìdí rẹ̀ pa mọ́: lójú rẹ̀, lọ́yà ń dáná sí ẹjọ́ ilẹ̀, ó ń gba owó àwọn tí kò mọ nǹkan kan, ó sì ń bá àṣẹ ọba àti ajẹ́lẹ̀ du ọ̀rọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò Èkó pariwo, wọ́n kọ̀wé, ṣùgbọ́n òfin dúró. Ní ẹkùn Ọ̀yọ́, tí Òkè-Ògùn jẹ́ apá kan rẹ̀, Captain William Ross ni ajẹ́lẹ̀ títí di 1931, Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní sì ni ọba tí ìjọba gbé ga ju gbogbo ọba yòókù lọ. Àwọn ìlú bí Ìsẹ́yìn, Òkèihò àti Ìgànná rí i pé adájọ́ tuntun ti jókòó sáàárín wọn, àṣẹ rẹ̀ wá láti òkè, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn fi ìlànà òfin bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Kò ju ọdún méjì lọ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí ìjọba. Wọ́n pa Ọ̀njọ Òkèihò, ọba ìlú náà, àwọn ọmọ ogun ìjọba sì wá fi ìbọn paná ìdìtẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó àwọn ará Òkèihò kúrò ní ibùdó àtijọ́ wọn láàárín òkè, wọ́n sì tẹ ìlú tuntun dó ní 1917. Òpìtàn J. A. Àtàńdá, tó tú ìwé ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, fi hàn pé kóòtù ìbílẹ̀ àti àwọn tó jókòó síbẹ̀ wà lára ohun tó bí àwọn èèyàn nínú. Ẹnì kan lè ní mo ń gbé ohun tó pọ̀ lé kóòtù lórí, nítorí iṣẹ́ àfipáṣe wà níbẹ̀, ìlara láàárín àwọn ìjòyè wà níbẹ̀, ìkórìíra agbára tí wọ́n kó fún Ọ̀yọ́ náà sì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò sì sọ pé kóòtù nìkan ló dáná ogun. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹni tí wọ́n fipá mú ṣiṣẹ́ ì bá ti sọ ẹ̀dùn rẹ̀? Ibo ni ìjòyè tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ì bá ti bèèrè ẹ̀tọ́? Kóòtù kan ṣoṣo tó wà ló wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń fi sùn. Ní Èkó láyé ìgbà náà, irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀ a máa di ìwé ìpẹjọ́. Olóyè Olúwa ti Èkó pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀, ó dé iwájú Privy Council, ilé-ẹjọ́ kótẹ́milọ́rùn tó ga jù, ní London, ó sì borí ní 1921. Ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àdá àti ìbọn ló sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Àwọn tó ń gbèjà òfin 1914 ní èsì kan tó lágbára: wọ́n ní lílé lọ́yà dáàbò bo tálákà, ẹjọ́ ń yá, owó kò sì pọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó yẹ ká rí i pé àwọn èèyàn jẹ́jọ́ fúnra wọn láìsan kọ́bọ̀ fún alárinà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Akọ̀wé kóòtù ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjòyè tó ń dájọ́ kò lè ka ohun tó kọ, ìwé yẹn kan náà sì ni ajẹ́lẹ̀ ń yẹ̀ wò bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó tún ẹjọ́ gbé yẹ̀wò. Ẹni tó mọ bí agbára ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò mọ ẹni tí olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ yóò máa wá ojú rere rẹ̀. Níta kóòtù, àwọn onílétà jókòó pẹ̀lú tábìlì àti yíǹkì, wọ́n ń kọ ẹ̀bẹ̀ sí ajẹ́lẹ̀ fún owó. Iṣẹ́ lọ́yà kò parẹ́. Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ, tí kò sì sí ẹgbẹ́ tó lè bá a wí bó bá ṣe é báṣubàṣu.

Ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní 1915, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ́yà síta, ó gbé òfin jáde láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wọn kọ̀wé. Òfin náà ní kí akọ̀wé ka ohun tó kọ fún ẹni tó ràn án níṣẹ́, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ yé e kí onítọ̀hún tó tẹ̀ka. Kí akọ̀wé sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé. Ìlà kékeré yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní. Bí báńkì tàbí ayánilówó bá gbé ìwé gbèsè wá sí kóòtù, tí ẹni tó tẹ̀ka sí i kò sì mọ̀wé, ibẹ̀ ni ojú agbẹjọ́rò rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ: ṣé wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé wọ́n kà á fún un ní Yorùbá, tó sì yé e? Ta ló kà á? Bí kò bá sí, ìwé tó dà bí òkúta lè fọ́ bí àwo. Ará Òkè-Ògùn tó tẹ̀ka ní 1920 ní òfin yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dìde ní kóòtù láti lò ó fún un. Ààbò tí kò ní alágbàwí kò yàtọ̀ sí àìsí ààbò.

Ilẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀díẹ̀. Òfin 1933 pa kóòtù ẹkùn rẹ́, ilé-ẹjọ́ gíga àti ti májísíréètì tí lọ́yà lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sì rọ́pò rẹ̀ ní 1934. Síbẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ, ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, lọ́yà a sì máa wọ inú rẹ̀ nígbà tí ó bá di kótẹ́milọ́rùn, lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀ tán. Kò sí ohun tó ń mú ẹjọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: a kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìsí ẹni tó mọ ìbéèrè tó yẹ, lẹ́yìn náà a wá ń fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàwárí ohun tí wọn kò béèrè. Ní 1957 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ kóòtù ìbílẹ̀ di kóòtù kọsítọ́márì, tí wọ́n sì fi ẹni tó kàwé òfin ṣe ààrẹ èyí tó ga jù. Ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀, àtijọ́ ṣì ni. Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, ìran lọ́yà tuntun ti jókòó sí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: ó ti ṣe onílétà, ó ti ra kòkó, ó ti wa òwò ọkọ̀, ó sì ti yánilówó kí ó tó lọ London, kó tó di agbẹjọ́rò ní 1946, tó sì wá ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹni tó ti jẹ gbèsè òwò rí, tó sì ti gbà á, kò nílò kí ìwé kọ́ ọ ní ohun tó wà nínú ẹjọ́ òwò. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ òfin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1963, kò di dandan mọ́ kí ọmọ àgbẹ̀ láti Kìṣí tàbí Ìgbòho wọkọ̀ òkun kó tó di lọ́yà.

Ohun tí irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kọjá ìwé òfin. Ní 1957, nínú ẹjọ́ kan láti Gold Coast, Kojo II àti Bonsie, Privy Council sọ pé bí ìtàn ẹbí méjì bá ta kora, kí adájọ́ má ṣe wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi hàn pé òun ló nilẹ̀, ìtàn ìdílé sì ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Òkè-Ògùn, èyí túmọ̀ sí pé lọ́yà gbọ́dọ̀ jókòó ti arúgbó, kó gbọ́ bí baba ńlá ṣe ti Ọ̀yọ́ Ilé wá, kó sì tún bọ́ sóko láti béèrè ohun tó ṣe é fojú rí: ta ló gbin pèrègún ààlà yìí? Ta ló ń ká igbá, ta ló sì ń ṣa ẹ̀mí lórí ilẹ̀ yìí láti ogún ọdún? Ta ni àgbẹ̀ tó yá ilẹ̀ náà dáko ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún? Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé ló di ẹ̀rí níwájú adájọ́, lọ́yà ló sì gbé e wọlé. Ọ̀rọ̀ pé ó lé àṣà jáde kò bá ohun tó ń ṣe mu.

Àwọn kan á ṣì sọ pé bí ó ti wù kó rí, àgbà ilé ló mọ ọ̀nà àlàáfíà jù. Mo gbà, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń jà bá jọ ń bẹ̀rù ojú kan náà. Ìtìjú agbo ilé ni agbára baálé, ibi tí ìtìjú yẹn bá sì dé ni agbára rẹ̀ dé. Láti ìgbà tí Nigerian Tobacco Company ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ní irúgbìn àti ajílẹ̀ láwìn, tó sì ń ra tábà lọ́wọ́ wọn, ẹnì kejì nínú àdéhùn ti di ilé-iṣẹ́ tí kò ní baálé. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìdídò odò Ògùn ní Ìkéré, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ìjọba ló gba ilẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 sì sọ pé kóòtù kò gbọdọ̀ wádìí bóyá owó gbà-máà-bínú tó tàbí kò tó. Ẹni tó fẹ́ bá irú òfin bẹ́ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó ṣí sílẹ̀ àti ibi tí ó tì: bóyá wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ bó ṣe yẹ, bóyá wọ́n ka igi àti irè oko rẹ̀ pé. Àgbà tó gbọ́n jù lọ ní Ṣakí kò lè pe ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ìbàdàn tàbí mínísítà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìpẹjọ́ lè pè wọ́n.

Ẹ̀sùn kan kù tí n kò ní wí àwíjàre lé lórí. Owó lọ́yà wọ́n, ẹjọ́ sì ń pẹ́, nígbà mìíràn títí ẹni tó pè é yóò fi kú. Àwọn lọ́yà kan sì wà tí ìsúnsíwájú ẹjọ́ jẹ́ oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo oògùn tí wọ́n ń dábàá. Àwọn tó ní kí a tún ti lọ́yà síta, kí ọ̀rọ̀ lè yá, ń dábàá ohun tí Òkè-Ògùn ti gbìyànjú rẹ̀ ní 1914. A ti rí èso rẹ̀: akọ̀wé di alágbára, onílétà di lọ́yà tí kò kàwé, ẹjọ́ ilẹ̀ gùn sí i nítorí pé wọn kò bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè tó yẹ níbẹ̀rẹ̀, ìlú méjì sì gbé ìbọn. Àtúnṣe tó yẹ wà ní iye ọjọ́ tí kóòtù lè fi sún ẹjọ́ síwájú, ní iye adájọ́ tí ìjọba ń rán sí agbègbè tó ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, àti ní bíbá lọ́yà tó bá ń fi ẹjọ́ ṣòwò wí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlànà pé ká gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kí a tó dájọ́, tiwa ni kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ lọ́yà ni láti rí i pé ẹni tí kò mọ̀wé, tí kò lówó, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní ìjọba, náà ní ẹnu tí wọn yóò gbọ́. Ibi tí ó bá ti kùnà iṣẹ́ yẹn, ká bá a wí. Ká má ṣe gbé ẹ̀ṣẹ̀ kóòtù tó lé e jáde kà á lórí.